Orúkọ Tí Ṣìkẹ́mi Ń Sọ Wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó lọ bi àlùfáà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́, kó lọ bi ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n kó wá àga jókòó kó tó bèèrè o, torí ìdáhùn náà lè má ṣe é gbọ́ lórí ìdúró.

Ní Makun, ní Ṣàgámù, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn bàbá àgbà ń pariwo pé ta ni yóò wá bá àwọn ṣa obì lóko báyìí. Obìnrin tó bá wọlé ọkọ nílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ará ilé ọkọ rẹ̀ lórí, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tó bá níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ olúkúlùkù wọn ní orúkọ mìíràn, orúkọ tí yóò dùn mọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ nínú. Ṣìkẹ́mi, ìyàwó Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Ìrolú, wá ní ẹ̀bùn iṣẹ́ yìí ju bó ti yẹ lọ. Ó sọ Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ní Eyínmẹ́nugún. Ó sọ Olúsànyà, olórí ẹbí, ní Baba Ọlọ́lá. Ọ̀jẹ̀wálé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ga bí òpó, ó sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Bó bá ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀, orí wọn á wú, wọn á sì bá a gbé agbọ̀n obì rẹ̀ rù.

Orúkọ ìta gbangba nìyẹn. Ti inú yàrá wà lọ́tọ̀. Bí Ṣìkẹ́mi bá jókòó tó ń bó obì lọ́sàn-án, tí ọkọ rẹ̀ náà jókòó tì í tó ń tún abọ́ ṣe, ìgbà yẹn ni orúkọ òtítọ́ ń jáde. Nínú yàrá, Má-Sọ-Fẹ́nìkan ni Àwẹ̀ró ń jẹ́, nítorí kò sí òfófó tó gbé wá tí kò fi “má sọ fẹ́nìkan o” bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé mẹ́ta ló ti kọ́kọ́ yà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Baba Ọlọ́lá di Ó-Tó-Jẹun, torí ìpàdé ẹbí tó bá ti fẹ́ gbóná, ikùn baba á ké, ìpàdé á tú. Agùntáṣọọ́lò di Mò-Ń-Bọ̀. Wọ́n rán an níṣẹ́ sí Ògìjó nígbà kan, ó ní òun ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń retí rẹ̀ títí ìyá fi kú.

Kò sí arankàn níbẹ̀ o, ẹ má ṣì í mú. Ìyàwó tí kò bá rí ohun rẹ́rìn-ín sí nílé ọkọ, ẹkún ni yóò máa sun níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ Ṣóbọ̀wálé ni kó máa fi òjé dí abọ́ àti àtùpà tó bá lu. Iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ ni ìwàásù, èyí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò fún ẹnikẹ́ni nísinmi. Nígbà èwe rẹ̀, kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́ láyò ní gbogbo Makun. Ọjọ́ kan ló gbọ́wọ́ sókè láti jẹ ẹni tó ń bá a ta, ohùn kan bá bi í nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ṣóbọ̀wálé, bí o bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán ńkọ́?” Ó da ọmọ ayò sílẹ̀, ó dìde, kò sì fọwọ́ kan ọpọ́n mọ́. Ọkùnrin tó ń bá a ta kò dẹ́kun àtimáa dúpẹ́, ó ní àsìkò tó yẹ gan-an ni Ọlọ́run pè é.

Láti ìgbà náà ló ti ń fi nǹkan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹmu sílẹ̀. Ó fi ẹ̀rín ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀. Ó fi ṣúgà sílẹ̀, ó ní adùn máa ń gbé ọkàn ẹni rìn jìnnà. Ìkọ́kọrẹ́ Ṣìkẹ́mi nìkan ni kò fi sílẹ̀. Ó ti wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ tì.

Nígbà kan, ó dúró sáàárín ọ̀nà lọ́jà obì, ó ń wàásù, ọkọ̀ ẹrù kò rí ọ̀nà kọjá. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kan ní kó lọ gba ìwé àṣẹ. Ó ní ta ló fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi níwèé àṣẹ létí Jọ́dánì? Wọ́n bá tì í mọ́lé. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kó máa lọ ilé, ó ní òun kò lọ, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé inúnibíni ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣìkẹ́mi ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un, á sì bu tirẹ̀ fún ọlọ́pàá náà, torí ó ní ẹni tó bá ń bá ni ṣọ́ ọkọ, kì í ṣe ẹni à á febi pa.

Ibẹ̀ gan-an ni Ṣóbọ̀wálé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Ìtàn ọkùnrin kan ni, Olùfọkànsìn lorúkọ rẹ̀, tó kúrò ní Ìlú Ìgbádùn, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìlú Ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà, ìwà wọn ni yóò jẹ́ orúkọ wọn. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀bùn orúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ ṣì í lọ́nà, ó pè é ní Ẹ̀ṣẹ̀ Kìíní. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Àlùfáà Ọmọ́túndé, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wọn, gbọ́ nípa ìwé náà. Ó ní kí Ṣóbọ̀wálé, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Oníwàásù, kà á fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ ìkórè. Inú Ṣóbọ̀wálé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, bó ti ń wọ kóòtù, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé,

“Ṣìkẹ́mi, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ti yanjú. Àwọn orúkọ kan ṣáà ń wá sí mi létí. Orúkọ tó mú bí abẹ! N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wá, àfi kó jẹ́ láti òkè.”

 Ṣìkẹ́mi mọ ibi tí wọ́n ti ń wá.

“Bàbá Ọláwọlé,” ló wí, “ẹ dúró ná. Orúkọ wo?”

“O tún ti dé nìyẹn, pẹ̀lú dúró ná,” ọkọ rẹ̀ fèsì, ó sì ti fi fìlà lé orí, ó ti jáde.

Ẹ wo obìnrin yìí bó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí Àwẹ̀ró bá mọ̀ pé òun ni Má-Sọ-Fẹ́nìkan, ilé ò ní gbà wọ́n. Bí olórí ẹbí bá mọ̀ pé òun ni Ó-Tó-Jẹun, wọn á pe ìpàdé lé e lórí, tí wọn ò sì ní dá a dúró fún oúnjẹ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ayé tó ti fi ẹnu dídùn kọ́ nílé ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti agbọ̀n obì wà níwájú pẹpẹ. Ṣóbọ̀wálé dìde, ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Olùfọkànsìn jáde nílùú, kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé obìnrin kan lóríta, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́fà yí i ká, ó ń sọ àṣírí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sétí èkejì. Orúkọ rẹ̀ ni Má-Sọ-Fẹ́nìkan.

Ṣìkẹ́mi di ojú.

Ẹ̀rín ló gbọ́. Ó la ojú díẹ̀. Àwẹ̀ró alára ló ń rẹ́rìn-ín jù, ó ń na ìyàwó Ọ̀jẹ̀wálé ní ìgúnpá pé, “Ìwọ ni, ìwọ ni o!” Nígbà tí arìnrìn-àjò dé ilé àlejò kan tí onílé rẹ̀ ń jẹ́ Ó-Tó-Jẹun, Olúsànyà mi orí, ó ní irú wọn pọ̀ ní Ìpẹ̀rú. Nígbà tí Mò-Ń-Bọ̀ ṣèlérí pé òun yóò bá arìnrìn-àjò lọ, tó wá kù sẹ́yìn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn láti wá Ọ̀jẹ̀wálé, ṣùgbọ́n Ọ̀jẹ̀wálé kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó rí ara rẹ̀. Olúkúlùkù rí aládùúgbò rẹ̀ kedere. Ṣìkẹ́mi mí kanlẹ̀, ó fi etí gèlè nu òógùn. Ọlọ́run ò dójú tì í.

Àfi ìgbà tí ọkọ rẹ̀ tún ṣí ìwé sójú kejì, tó rẹ ohùn sílẹ̀.

Olùfọkànsìn ti rí ẹnubodè Ìlú Ìmọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí. Ọ̀tá kan ṣoṣo ló kù, ó sì lágbára ju gbogbo àwọn tó ti ṣẹ́gun lọ. Obìnrin ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó dé ọmọrí lé. Ìyàwó rẹ̀ ni, tó ti ilé wá dè é. Orúkọ rẹ̀ ni Dúró-Ná. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, “Dúró ná, jẹun. Dúró ná, òjò ṣú. Dúró ná, o ò tíì sinmi.” Arìnrìn-àjò di etí, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì dá wọ ìlú náà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ ìkọ́kọrẹ́ yẹn ní Makun? Ojú gbogbo obìnrin yí sọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi.

Ó dùn ún. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó dùn ún dọ́kàn. Láti ìgbà tó ti dé ilé yìí, òun ló ń sọ gbogbo ènìyàn lórúkọ, kò sì sí ẹni tó sọ òun ní kiní kan rí. Ọkọ rẹ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ lónìí, níwájú Ọlọ́run àti iṣu ìkórè, orúkọ ọ̀tá sì ni. Ṣé bó ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn? ló ń bi ara rẹ̀. Ṣé ẹrù tó so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni mí?

Kò mọ ìgbà tó dìde.

“Ẹ dúró ná,” ló wí.

Ẹ̀rín bú. Ṣóbọ̀wálé fúnra rẹ̀ dúró lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

“Bàbá Oníwàásù, ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan ni. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ta ló gbé e wá fún?”

Ṣóbọ̀wálé wo ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. “Fún arìnrìn-àjò.”

“Láti ilé?”

“Láti ilé.”

“Oríta tí Má-Sọ-Fẹ́nìkan wà, ilé Ó-Tó-Jẹun, gbogbo ibi tí arìnrìn-àjò ti ja ìjà tó sì sá àsálà, obìnrin yẹn gba ibẹ̀ kọjá?”

“Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà,” ni ọkọ rẹ̀ fi ohùn kékeré wí.

“Ó ru abọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kò dà á. Kò jẹ́ kó tutù. Ó sì dé ẹnubodè ṣáájú ọkọ rẹ̀, ó ti jókòó. Ta nínú àwọn méjèèjì ló wá mọ ọ̀nà ìlú náà jù?”

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjọ dàrú. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Àwẹ̀ró fi Rẹ́mọ pọ́ńbélé ké pé kí wọ́n dá ìyàwó àwọn lóhùn o, òun kò ní gbà! Olúsànyà ní ó dà bíi pé ó tó àsìkò kí wọ́n lọ jẹun. Àlùfáà Ọmọ́túndé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, fi ìwé orin bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wúkọ́, ó ní kí gbogbo ìjọ dìde, kí wọ́n kọ orin. Kò rántí sọ orin wo.

Nígbà tí wọ́n délé, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ṣìkẹ́mi bu oúnjẹ, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Ó padà sídìí obì. Ṣóbọ̀wálé wo oúnjẹ títí, kò fọwọ́ kàn án.

“Ìtàn lásán ni,” ló sọ nígbà tó ṣe.

“Má-Sọ-Fẹ́nìkan náà, ìtàn lásán ni?”

Ọkọ rẹ̀ bọ́ kóòtù.

“Ó-Tó-Jẹun ńkọ́?”

Ó gbé kóòtù kọ́.

“Èmi ni mo ni àwọn orúkọ yẹn, Bàbá Ọláwọlé. Ẹnu mi lẹ ti mú wọn, kì í ṣe òkè. Ẹni tí mo bá sì sọ lórúkọ, òótọ́ rẹ̀ ni mo sọ. Èyí tẹ́ ẹ sọ èmi, ṣé òótọ́ ni?”

 Ọkùnrin tó lè wàásù láti òwúrọ̀ títí ọlọ́pàá yóò fi dé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ.

“Òótọ́ ni,” ló wí.

Obì bọ́ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi. Omi gba ojú rẹ̀.

“Gbọ́ mi tán,” ni Ṣóbọ̀wálé ń wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, kì í ṣe ohùn orí pẹpẹ mọ́. “Mo fi ayò sílẹ̀, n kò ṣàárò rẹ̀. Mo fi ẹmu sílẹ̀. Ṣúgà, mo ti gbàgbé bó ṣe rí lẹ́nu. Wọ́n tì mí mọ́lé, ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ní ‘ẹ dúró ná’, Ṣìkẹ́mi, ẹsẹ̀ mi á dúró. Bí Olúwa bá pè mí lónìí, tí ìwọ ní kí n dúró, n kò mọ èwo ni ǹ bá ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n ti ń gbélé pọ̀ láti ìgbà tí ọmọ wọn Ọláwọlé kò tíì sí láyé, ọmọ náà sì ti di olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ báyìí. Ṣìkẹ́mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó nu ojú, ó fi ọwọ́ tó fi bó obì nù ún, ojú náà wá ń ta á, kò wá mọ èyí tó jẹ́ omijé àti èyí tó jẹ́ ti obì.

“Ọ̀rọ̀ tó dùn báyìí,” ló wí, “ẹ wá lọ gbé e pamọ́ sínú orúkọ ọ̀tá. Ẹ ò mọ orúkọ sọ, Bàbá Ọláwọlé. Ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ rárá.”

“N kò mọ̀ ọ́n sọ,” ọkọ rẹ̀ gbà. Ó wá rò ó díẹ̀. “Èmi náà ńkọ́? O kò fún mi lórúkọ kankan ni?”

Ṣìkẹ́mi wo ibòmíràn. “Mo fún yín.”

“Kí ni?”

“N kò ní sọ. Gbogbo àwa ìyàwó ilé la jọ mọ̀ ọ́n.”

Ṣóbọ̀wálé bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọkọ bínú díẹ̀, ìyàwó kò kà á sí. Ó bá dìde, ó ní ó dára, òun yóò tún ìwé náà kọ láti ìrọ̀lẹ́ yìí lọ. Ó wo orí tábìlì, ó wo abẹ́ ẹní, ó gbé ìrọ̀rí, ó gbọn kóòtù. Ó wá yọ orí sí àgbàlá, ó pariwo bó ti máa ń pariwo lójoojúmọ́ ayé pé,

“Awò ojú mi dà? Ẹ bá mi wá a o!”

Gbogbo ìyàwó ilé tó wà ní àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ṣóbọ̀wálé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ti fi apá bo ẹnu, ikùn rẹ̀ ń mì.

“Ẹ-Bá-Mi-Wá-A,” ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. “Láti ọjọ́ tí mo ti dé. Fìlà, ẹ bá mi wá a. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi wá a. Awò yín wà lórí yín.”

Ṣóbọ̀wálé fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ dà bí ikọ́ nínú ọ̀fun rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti rẹ́ ẹ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó já geere. Ó jókòó, ó fa ìwé mọ́ra, ó fi ìlà pa orúkọ Olùfọkànsìn rẹ́ níbi tó ti kọ́kọ́ hàn. Ó kọ Ẹ-Bá-Mi-Wá-A síbẹ̀, ó wò ó.

“Ẹni tó ń jẹ́ báyìí,” ló wí jẹ́jẹ́, “kò lè dá lọ.”

“Kò dá lọ rí.”

“Báwo wá ni ìtàn náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀?”

Ṣìkẹ́mi sún mọ́ ọn. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó fi ìka lé ibi tó mọ́ lórí tákàdá náà. “Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n jáde nílé lówùúrọ̀.”

Ṣóbọ̀wálé ri kálámù bọ tàdáwà, ó dúró. “‘Wọ́n’ ti ọ̀wọ̀ ni? Torí arìnrìn-àjò náà ti dàgbà díẹ̀.”

“Rárá o,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “‘Wọ́n’ ti ẹni méjì ni.”